Ẹ Rẹ Ẹ̀yìn Fọ́tò Láró, Ẹ Má Pa Á Rẹ́

Nígbà tí àgbàlagbà bá papò dà ní Lagbé, tàbí ní ìlú èyíkéyìí ní agbègbè Ifangni, ọ̀kan nínú àwọn ohun tí àwọn ọmọ olóògbé máa ń kọ́kọ́ wá ni fọ́tò. Wọn a tú àpótí, wọn a tú báàgì, wọn a ránṣẹ́ sí àwọn ìbátan tó wà ní Àjàṣẹ́, ní Kútọnu, àti ní òdìkejì ibodè. Èyí tí wọn a rí nígbẹ̀yìn kì í sábà ju ẹyọ kan lọ. Funfun òun dúdú ni, etí rẹ̀ ti jẹ, omi ti kán sí i nígbà kan rí. Ìyá jókòó sórí àga, ó gbé ọwọ́ méjèèjì lé orúnkún, a sì ta aṣọ kan sí ẹ̀yìn rẹ̀. Wọn a gbé e lọ sí ilé ìtẹ̀wé. Ọ̀dọ́ tó wà nídìí kọ̀ǹpútà a gé ìyá kúrò lára ẹ̀yìn fọ́tò náà, a gbé e sí iwájú ilé alájà mẹ́ta kan, tàbí sí etí òkun tí ìyá kò fẹsẹ̀ tẹ̀ rí láyé. A tẹ̀ ẹ́ sórí bébà gbàràmù, àwọn èrò a sì máa yin ẹni tó ṣe é.

A kò bá ẹnikẹ́ni jà lórí èyí. Ẹbí tó ń ṣọ̀fọ̀ lẹ́tọ̀ọ́ láti rí ìyá wọn níbi tó dára. Ṣùgbọ́n aṣọ tí a ta sí ẹ̀yìn ìyá ńkọ́? Àga náà ńkọ́, àti ilẹ̀ tí ẹsẹ̀ rẹ̀ wà? Nígbà tí a gé wọn dànù, ìdajì ohun tí fọ́tò náà mọ̀ nípa ìyá ni a gé dànù. Ó sì ṣeé ṣe kí ẹni tó gé e ti fi èyí tó gé rọ́pò ti àtijọ́ nínú kọ̀ǹpútà, kí ó sì dá bébà tó ti jẹ náà padà sínú báàgì níbi tí ikán yóò ti parí iṣẹ́ rẹ̀.

Ọ̀nà mìíràn wà. Ènìyàn lè fi ẹ̀yìn fọ́tò sílẹ̀ bó ṣe wà, kí ó wulẹ̀ rẹ ẹ́ ní àwọ̀ kan ṣoṣo tó rọra hàn, kí ojú ìyá sì yọ síta láti inú rẹ̀. Kò le, kò sì ná owó. Ohun tí a fẹ́ ṣàlàyé nìyẹn nínú àpilẹ̀kọ yìí, fún ẹ̀yin ọ̀dọ́ wa tí ẹ ń lo kọ̀ǹpútà, àti fún ẹ̀yin àgbà tí ẹ ń gbé fọ́tò tọ̀ wọ́n lọ, kí ẹ lè mọ ohun tí ẹ ó béèrè.

Ohun tí aṣọ ẹ̀yìn mọ̀

Ẹni tó bá fẹ́ mọ bí aṣọ ẹ̀yìn ti níye lórí tó, kí ó wo iṣẹ́ Seydou Keïta ní Bamako. Ní 1948 ni ọkùnrin náà ṣí ilé ìyafọ́tò rẹ̀ ní olú ìlú Málì. Aṣọ ìtẹ́bẹ́ẹ̀dì tirẹ̀, tó ní wajawaja létí, ni ó kọ́kọ́ ta sára ògiri. Nígbà tó ṣe, ó fi òmíràn rọ́pò rẹ̀, lẹ́yìn ọdún díẹ̀ òmíràn tún dé. Àwọn tó wá ya fọ́tò kò ka aṣọ náà sí. Bàtà wọn àti aago ọwọ́ wọn ni wọ́n fẹ́ kí ó hàn. Ṣùgbọ́n ní nǹkan bí ogójì ọdún lẹ́yìn náà, nígbà tí orúkọ Keïta ti kàn dé Yúróòpù, tí wọ́n ń béèrè ọdún tó ya fọ́tò kan àti òmíràn, aṣọ ẹ̀yìn ni ó ń wò kó tó dá wọn lóhùn. Aṣọ ìtẹ́bẹ́ẹ̀dì ti di kàlẹ́ńdà.

Kò sí ìdí láti rìn jìnnà dé Málì. Ní Kétu, tí òun àti Ifangni jọ wà ní ẹ̀ka Plateau, Rachidi Bissiriou, tí a bí ní 1950, ṣí ilé ìyafọ́tò kan ní 1968, ó sì pè é ní Studio Plaisir. Àwọn ọ̀dọ́ Kétu ìgbà náà dúró níwájú ẹ̀rọ rẹ̀ pẹ̀lú ṣòkòtò ẹlẹ́nu gbàràmù àti awò ojú. Lónìí a ti pàtẹ àwọn fọ́tò wọ̀nyẹn ní London. Ní Àjàṣẹ́, Joseph Moïse Agbodjelou, tí a bí ní 1912 tó sì kú ní 2000, fi ọ̀pọ̀ ọdún ya àwọn ará ìlú. Ọmọ rẹ̀, Leonce Raphael Agbodjelou, kọ́ iṣẹ́ náà lọ́dọ̀ rẹ̀, ó sì sọ aṣọ ẹ̀yìn di ohun tí ojú kọ́kọ́ ń rí: nínú ọ̀wọ́ fọ́tò tó pè ní Àwọn Ọmọ Ìlú Porto-Novo, aṣọ olódòdó wà lára ènìyàn, aṣọ olódòdó mìíràn wà lẹ́yìn rẹ̀, ó sì kù sí olùwòran lọ́wọ́ láti wá ibi tí ọ̀kan parí sí tí èkejì bẹ̀rẹ̀.

Fún àwa tí a wà lẹ́bàá ibodè, ọ̀rọ̀ yìí tún wúwo sí i. Ìgòlò wà nínú agbègbè Ifangni kan náà pẹ̀lú Lagbé, Ìdìròkò ti Nàìjíríà sì kọjú sí i. Àwọn òbí wa ń rìn síhìn-ín, wọ́n ń rìn sọ́hùn-ún, wọ́n ń ṣòwò, wọ́n ń fẹ́ra. Ọ̀pọ̀ wọn kò ní ìwé ìbí, ọ̀pọ̀ kò sì kọ ọdún sẹ́yìn fọ́tò. Bí fọ́tò méjì bá ní aṣọ ẹ̀yìn kan náà, tí a sì mọ ọdún ọ̀kan, a ti mọ ọdún èkejì dé ìwọ̀n àyè kan. Bí ògiri tó wà lẹ́yìn bàbá bá jẹ́ ògiri amọ̀ pupa tí a kò tíì rẹ́, ìyẹn náà ń sọ̀rọ̀. Ẹni tó bá pa á rẹ́ kò tíì mọ ohun tó pa rẹ́, nítorí ìbéèrè tí ọmọ-ọmọ yóò béèrè ní ogún ọdún sí i, kò sí ẹni tó lè mọ̀ ọ́n lónìí.

Àtúnṣe fọ́tò kì í ṣe tòní

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé a ń sọ pé fífi ọwọ́ kan fọ́tò burú. Láti ìgbà tí wọ́n ti kéde iṣẹ́ Daguerre ní Paris ní 1839 ni ó ti ń dun àwọn ènìyàn pé ẹ̀rọ náà kò mú àwọ̀, kò sì pẹ́ tí àwọn kan fi bẹ̀rẹ̀ sí í fi gbọ́nrọ́n kékeré kun ẹ̀rẹ̀kẹ́ àti aṣọ. Lápá ọ̀dọ̀ tiwa níhìn-ín, ní Ìlú Ẹdó ní Nàìjíríà, ìyẹn Benin kejì tí àwọn àlejò máa ń ṣì mọ́ orílẹ̀-èdè wa, Solomon Osagie Alonge ṣí Ideal Photo Studio ní 1942. Òun ni ayafọ́tò ààfin ní ayé Ọba Akenzua Kejì. Nínú iṣẹ́ rẹ̀ ni a ti rí fọ́tò funfun òun dúdú tí a fi ọwọ́ kùn ní àwọ̀, èyí tí ilé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé Smithsonian pàtẹ ní Washington ní 2014 pẹ̀lú àwọn yòókù. Àwọ̀ náà kò bo fọ́tò mọ́lẹ̀. Ó hàn gbangba pé ẹnì kan ni ó fi í sí i, kò sì tan ẹnikẹ́ni jẹ.

Àwọn Yorùbá gan-an ti lọ jìnnà ju ìyẹn lọ. Stephen Sprague, ayafọ́tò ará Amẹ́ríkà kan, ṣe ìwádìí nípa fọ́tò yíyà láàárín àwọn Yorùbá, Ìlá Ọ̀ràngún sì wà lára ibi tó ṣiṣẹ́ sí. Ìwádìí náà jáde ní 1978. Ó rí i pé bí ọ̀kan nínú ìbejì bá ti lọ kí wọ́n tó ya fọ́tò pọ̀, ayafọ́tò a ya èyí tó kù lẹ́ẹ̀mejì, a sì tẹ àwòrán méjèèjì sórí bébà kan, bí ẹni pé ọmọ méjì ni ó jókòó. Bí wọ́n bá jẹ́ akọ àti abo, èyí tó kù a wọ aṣọ tirẹ̀, lẹ́yìn náà a wọ aṣọ èkejì rẹ̀. Inú yàrá òkùnkùn ni wọ́n ti ń ṣe èyí, láìsí kọ̀ǹpútà. A kò lè pe irú fọ́tò bẹ́ẹ̀ ní irọ́, nítorí ẹbí náà mọ ohun tí wọ́n ní kí a ṣe, wọ́n sì mọ ìdí rẹ̀. Ilé alájà mẹ́ta ńkọ́? Ọmọ tí a kò tíì bí lónìí yóò rí i, yóò sì rò pé ilé ìyá ìyá òun ni.

Aró àti ẹ̀kọ

Ètò kọ̀ǹpútà tí a ó lò ni GIMP. Ọ̀fẹ́ ni. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ méjì ní yunifásítì Berkeley, Spencer Kimball àti Peter Mattis, ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, ó sì jáde fún aráyé ní 1996. Photoshop, tí tẹ̀gbọ́n-tàbúrò Thomas àti John Knoll dá sílẹ̀ tí ilé iṣẹ́ Adobe sì gbé jáde ní 1990, ni orúkọ rẹ̀ gbajúmọ̀ jù, ṣùgbọ́n owó ni a fi ń lò ó, oṣooṣù tàbí ọdọọdún. GIMP ń ṣiṣẹ́ láìsí íntánẹ́ẹ̀tì lẹ́yìn tí a bá ti gbà á sórí kọ̀ǹpútà, ó sì ń sọ èdè Faransé, nítorí náà a ó máa pe orúkọ àwọn bọ́tìnnì bí ẹ ó ṣe rí wọn lójú ẹ̀rọ.

Kí a tó fọwọ́ kan bọ́tìnnì kankan, ẹ jẹ́ kí a ronú kan àwọn aláró. Ní Abẹ́òkúta, ní Ìbàdàn àti ní Òṣogbo, ẹni tó bá ń ṣe àdìrẹ ẹlẹ́kọ a fi ìyẹ́ adìyẹ ya ẹ̀kọ láfún sórí aṣọ funfun, a jẹ́ kí ó gbẹ, kó tó ri aṣọ náà sínú ìkòkò aró. Ibi tí ẹ̀kọ bá wà, aró kò ní lè mú un. Bí a bá rì í lẹ́ẹ̀kan, àwọ̀ rẹ̀ a fẹ́lẹ́; bí a bá tún un rì lẹ́ẹ̀mejì, lẹ́ẹ̀mẹ́ta, a dúdú sí i. Nígbà tí a bá fọ ẹ̀kọ kúrò, ibi tó bò a yọ ní funfun láàárín aró. Ẹni tó bá lóye èyí ti lóye iṣẹ́ tó wà níwájú wa. Fọ́tò ìyá ni aṣọ. Àwọ̀ tí a fẹ́ fi sí i ni aró. « Masque » ni ẹ̀kọ. « Opacité » sì ni iye ìgbà tí a rì í. Ìyàtọ̀ kan ṣoṣo tó wà níbẹ̀ ni pé aró kọ̀ǹpútà ṣeé fọ̀ kúrò pátápátá nígbàkígbà, èyí tí aláró kò lè ṣe.

Bí iṣẹ́ náà ṣe ń lọ

Fọ́tò fúnra rẹ̀ ni a ó kọ́kọ́ tọ́jú. Bí skánà bá wà, ẹ lò ó. Bí kò bá sí, ẹ tẹ́ fọ́tò náà sílẹ̀ gbalaja lábẹ́ ibòji, níbi tí oòrùn kò ti ta á lójú, kí ẹ sì fi tẹlifóònù yà á láti òkè tààrà, láìtan iná ẹ̀rọ. Iye píksẹ́lì ṣe pàtàkì. Ẹni tó fẹ́ tẹ àwòrán ní sẹ̀ǹtímítà 20 sí 30, ní ìwọ̀n 300 dpi tí àwọn ilé ìtẹ̀wé sábà ń béèrè, nílò nǹkan bí píksẹ́lì 2362 sí 3543. Fọ́tò tó gba orí WhatsApp lásán kì í tó bẹ́ẹ̀ mọ́, torí pé WhatsApp máa ń fún un pọ̀ kó tó fi ránṣẹ́. Ẹ sọ fún ìbátan tó wà ní Kútọnu pé kó fi ránṣẹ́ gẹ́gẹ́ bí « Document », yóò sì dé bó ṣe wà.

Ẹ ṣí i nínú GIMP. Ohun kan wà tó máa ń dá àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ dúró níbí: bí skánà bá gbé fọ́tò náà wọlé ní funfun òun dúdú nìkan, gbogbo àwọ̀ tí ènìyàn bá mú ni yóò máa jáde ní eérú. Ẹ lọ sí « Image », lẹ́yìn náà « Mode », kí ẹ yan « RVB ». Ojú kò ní rí ìyàtọ̀ kankan, ṣùgbọ́n fọ́tò náà ti ṣe tán láti gba àwọ̀. Kí ẹ tún lọ sí « Calque », kí ẹ yan « Dupliquer le calque ». Ẹ̀dà yìí ni a ó máa fọwọ́ kàn. Ti ìsàlẹ̀, a kò ní fọwọ́ kàn án láéláé.

Iṣẹ́ tó gba sùúrù ló kàn: kí a fi ìlà yí ìyá ká. GIMP ní irinṣẹ́ « Ciseaux intelligents » tó ń gbìyànjú láti máa tẹ̀lé etí ohun tí a bá nà án sí. Níbi tí aṣọ funfun bá ti pàdé ẹ̀yìn dúdú, ó ń ṣe dáadáa. Ṣùgbọ́n nínú fọ́tò àwọn ènìyàn wa, irun dúdú sábà máa ń wà lórí ẹ̀yìn dúdú, ọrùn dúdú a sì wà lẹ́bàá òjìji dúdú, ẹ̀rọ kì í sì mọ ibi tí ọ̀kan parí sí. Ó lè gé etí ìyá dànù, tàbí kó ka apá kan nínú gèlè mọ́ ògiri. Àwọn áàpù orí tẹlifóònù tó ń gé ènìyàn yọ ní ìṣẹ́jú àáyá kan náà ń ṣe irú àṣìṣe yìí, pàápàá nínú fọ́tò tó ti ṣá. Nítorí náà, a gbà yín nímọ̀ràn pé kí ẹ lo « Sélection à main levée », kí ẹ sún fọ́tò súnmọ́ ojú dáadáa, kí ẹ sì máa tẹ eku kọ̀ǹpútà ní ibi kọ̀ọ̀kan tí ìlà bá ti yí padà. Gèlè nìkan lè gba ogún tàbí ọgbọ̀n ibi bẹ́ẹ̀. Léèsì tó ní ihò wẹ́wẹ́ ńkọ́? Ẹ má ṣe dààmú ara yín lórí rẹ̀ nísinsìnyí; ẹ gba etí òde rẹ̀ kọjá, a ó padà sí i.

Nígbà tí ìlà bá ti pàdé ara rẹ̀, ẹ lọ sí « Sélection », kí ẹ yan « Adoucir », kí ẹ fún un ní píksẹ́lì 2 sí 5 gẹ́gẹ́ bí fọ́tò bá ṣe tóbi tó. Èyí kò ní jẹ́ kí etí ìyá mú bí abẹ. Ẹni tí a kò adoucir, ojú àlejò pàápàá yóò mọ̀ pé sísọ́sì ni a fi gé e. Lẹ́yìn èyí, « Sélection », « Inverser ». Ní báyìí ẹ̀yìn fọ́tò ni a yàn, ìyá ti bọ́ síta.

Ẹ wá dá « Nouveau calque » sílẹ̀ sókè pátápátá, kí ẹ sì fi àwọ̀ tí ẹ fẹ́ kún gbogbo rẹ̀. Ẹ̀yìn fọ́tò yóò di àwọ̀ kan gbuu, bí ògiri tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ kùn, ìtàn rẹ̀ yóò sì pòórá lójú. Ẹ má fòyà. Lókè níbi tí a ti ń rí àwọn « calque » ni àpótí kékeré kan wà tí a pè ní « Mode ». Ẹ yan « Couleur TSL » nínú rẹ̀. Lójú ẹsẹ̀ ni aṣọ ẹ̀yìn yóò padà wá, pẹ̀lú gbogbo ìṣẹ́po rẹ̀, òjìji rẹ̀ àti bátànì rẹ̀, ṣùgbọ́n yóò ti gba àwọ̀. Ohun tí « mode » yìí ń ṣe ni pé ó ń mú àwọ̀ láti orí calque ti òkè, ó sì ń mú ìmọ́lẹ̀ àti òkùnkùn láti ti ìsàlẹ̀. Ẹ fojú sí ibi tí aṣọ ẹ̀yìn bá ti funfun gbòò: kò ní gba àwọ̀ rárá, nítorí funfun pátápátá kò ní òjìji tí àwọ̀ lè dì mọ́. Bí ọ̀pọ̀ ẹ̀yìn fọ́tò náà bá rí bẹ́ẹ̀, ẹ fi « Multiplier » rọ́pò « Couleur TSL ». Òun ń ṣe bí ìgbà tí a bá gbé ọ̀rá aláwọ̀ lé fọ́tò lórí.

Ẹ̀kọ láfún ló kàn. Kí ẹ tó pa ìyàn náà rẹ́, ẹ tẹ bọ́tìnnì ọ̀tún eku lórí calque aláwọ̀, kí ẹ yan « Ajouter un masque de calque », kí ẹ sì sọ fún un pé kí ó lo « Sélection ». Nínú masque, ibi funfun ni aró ń mú, ibi dúdú ni ẹ̀kọ wà, eérú sì wà láàárín méjèèjì. Ẹ lè yan « Sélection », « Aucune » báyìí, kí ẹ mú gbọ́nrọ́n rírọ̀ kan, kí ẹ sì máa tún etí ṣe: dúdú níbi tí àwọ̀ ti gun ẹ̀rẹ̀kẹ́ ìyá, funfun níbi tí ẹ̀yìn kò tíì gba àwọ̀. Ibí ni a ti ń padà sí léèsì. Gbọ́nrọ́n kékeré, àwọ̀ eérú, ihò kan lẹ́yìn òmíràn. Ó ń gba àkókò. Bí iná mànàmáná bá sì ń ṣe bó ṣe wù ú ní àdúgbò yín, ẹ máa tẹ Ctrl àti S pọ̀ ní gbogbo ìgbà.

Níkẹyìn, ẹ fa « Opacité » calque aláwọ̀ náà wálẹ̀. A sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ láti 40 nínú ọgọ́rùn-ún, a sì máa ń parí sí 30. Ẹ dìde kúrò nídìí ẹ̀rọ, ẹ lọ mu omi, kí ẹ tó padà wá wò ó. Bí ó bá jẹ́ àwọ̀ ni ojú kọ́kọ́ rí, ó ti pọ̀ jù.

Àwọ̀ wo?

Ọ̀rọ̀ yìí ni àwọn ọ̀dọ́ máa ń fẹ́ gbọ́ jù, òun sì ni ẹnu kò lè kò lórí rẹ̀. Èrò tiwa nìyí. Àwọ̀ aró, ìyẹn búlúù tó jinlẹ̀, ń gbé awọ ara dúdú yọ dáadáa, nítorí òjìji eérú inú fọ́tò a dà bí èyí tó gbóná sí i bí ohun tutù bá wà lẹ́yìn rẹ̀. Àwọ̀ ilẹ̀ pupa wa, èyí tó wà lójú ọ̀nà láti Lagbé títí dé Ṣakẹ́tẹ́, bá fọ́tò tí bébà rẹ̀ ti pọ́n mu, kì í sì hàn bí ohun àjèjì. A kò fẹ́ràn ewé tó tàn yanranyanran rárá. Ó ń mú kí ènìyàn dà bí aláìsàn, ẹ̀rọ ìtẹ̀wé a sì tún sọ ọ́ di ohun mìíràn.

Ìyẹn rán wa létí pé àwọ̀ ojú kọ̀ǹpútà kì í ṣe àwọ̀ bébà. Ìmọ́lẹ̀ pupa, ewé àti búlúù ni kọ̀ǹpútà fi ń ṣe àwọ̀. Yíǹkì ni ilé ìtẹ̀wé ń lò. Búlúù jíjinlẹ̀ ni ìyàtọ̀ ti máa ń hàn jù: ó lè jáde ní àwọ̀ àlùkò, tàbí kó dúdú tó bẹ́ẹ̀ tí bátànì aṣọ ẹ̀yìn kò ní hàn mọ́, a ó sì ti ṣe iṣẹ́ asán. Kí ẹ tó tẹ bébà ńlá, ẹ tẹ kékeré kan wò.

Àǹfààní kan wà tí ọ̀pọ̀ kì í rántí. Ẹgbẹ́ tàbí ẹbí tó bá fẹ́ ṣe kàlẹ́ńdà máa ń ní fọ́tò oríṣiríṣi: ti bàbá láti 1960 àti nǹkan kan, ti àbúrò láti ojú tẹlifóònù ní ọdún tó kọjá. Bí a bá rẹ ẹ̀yìn gbogbo wọn ní àwọ̀ kan náà, wọn yóò jókòó pọ̀ lórí bébà kan bí ọmọ ìyá, láìjẹ́ pé a gbé ẹnikẹ́ni kúrò nílé rẹ̀. Fọ́tò ìwé àṣẹ ìjọba, bí i káàdì ìdánimọ̀ àti ìwé ìrìnnà, kò sí nínú ọ̀rọ̀ yìí. Àwọn yẹn ní òfin tiwọn nípa ẹ̀yìn fọ́tò.

Kí a tó pa ẹ̀rọ

« Enregistrer » yóò tọ́jú iṣẹ́ náà ní XCF, pẹ̀lú gbogbo calque àti masque rẹ̀, kí ẹ̀gbọ́n tó ń bọ̀ láti Èkó lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀ lè sọ pé àwọ̀ aró kò wu òun, kí ẹ sì yí i padà ní ìṣẹ́jú kan. « Exporter sous » ni yóò fún yín ní JPEG tí ilé ìtẹ̀wé ń béèrè. Fọ́tò àkọ́kọ́, èyí tí a kò fọwọ́ kàn, ni kí ẹ tọ́jú sí ibi méjì ó kéré tán: ọ̀kan sórí kọ̀ǹpútà, ọ̀kan sínú kílé USB tí ẹlòmíràn nínú ẹbí ń tọ́jú. Ẹ fi orúkọ, ìlú àti ọdún pè é, bí ẹ bá mọ̀ wọ́n, kí ẹ sì fi « asan » parí orúkọ fáìlì náà, kí ó lè yàtọ̀ sí èyí tí a rẹ láró.

Bébà ògbólógbòó náà, ẹ má dá a padà sínú báàgì. Ẹ yí ẹ̀yìn rẹ̀ wò: ọ̀pọ̀ ayafọ́tò àtijọ́ máa ń lu òǹtẹ̀ ilé iṣẹ́ wọn síbẹ̀, òǹtẹ̀ náà sì lè jẹ́ ti Àjàṣẹ́, ti Pọbẹ̀ tàbí ti òdìkejì ibodè. Ẹ ya fọ́tò ẹ̀yìn náà pẹ̀lú. Ẹ pe àgbà tó kù nínú ilé jókòó, ẹ fi iwájú fọ́tò hàn án, ẹ bi í léèrè ta ni ó ni àga yẹn àti ibo ni ògiri yẹn wà, kí ẹ sì fi pẹ́ńsù rírọ̀ kọ ohun tó bá sọ sí ẹ̀yìn bébà náà, díẹ̀díẹ̀, kí ó má baà yọ síwájú. Lábẹ́ èyí tí ẹ tẹ̀ fún ayẹyẹ, ẹ kọ ọ́ ní lẹ́tà kékeré pé: àwọ̀ ẹ̀yìn fọ́tò yìí, àwa ni a fi sí i, aṣọ ẹ̀yìn náà, bó ṣe wà ni a bá a.